Nígbà tí pápá Melbourne ṣófo

Àwọn ará Ọsirélíà ní bọ́ọ̀lù kan tí ó jẹ́ tiwọn. Ó rí bí ẹyin. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a. Lọ́dọọdún, nǹkan bí 100,000 ènìyàn ni ó máa ń wo ìdíje àṣekágbá rẹ̀ ní ìlú Melbourne.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà dé. Wọn kò jẹ́ kí òǹwòran wọlé mọ́. Láìpẹ́, ìdíje náà dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà àrùn náà tún gbilẹ̀ ní Melbourne. Nítorí náà, Brisbane ni wọ́n gbé àṣekágbá lọ. Ènìyàn 29,707 ni ó wò ó.

Ní ọdún 2021, ìlú Perth ni ó kàn. Ẹgbẹ́ Melbourne gba ife tí wọn kò tíì gbà láti ọdún 1964. Ṣùgbọ́n òfin kónílé-ó-gbélé wà ní ìlú wọn. Àwọn tí ó ti dúró fún ọdún 57 wo ayọ̀ wọn lórí tẹlifísọ̀n.

Ní ọdún 2022, àṣekágbá padà sí Melbourne. Ènìyàn 100,024 ni ó wọlé. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ.