Bárbádọ̀s Kò Béèrè Físà, Ọ̀nà Ibẹ̀ Ló Ń Béèrè

Bárbádọ̀s ló wà ní ìlà-oòrùn jù lọ nínú àwọn erékùṣù Kàríbẹ́ánì. Kò tóbi: gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 430 kìlómítà níbùú lóòró lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó 300,000. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn nìkan ti ní èrò tó ju ìyẹn lọ láti ìgbà ìkànìyàn ọdún 2006. Ìrèké ni erékùṣù náà fi là nígbà kan, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ló sì jìyà rẹ̀. Lónìí, lára owó àlejò ni wọ́n ti ń jẹun. Ó gba òmìnira lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1966. Nígbà tó di ọjọ́ kan náà ní ọdún 2021, ó bọ́ kúrò lábẹ́ adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, ó yan ààrẹ tirẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ máa dùn létí àwọn ọmọ Nàìjíríà ni pé ẹni tó ní páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò nílò físà láti lọ gbafẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má béèrè físà kò ní kí wọ́n má béèrè ọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfurufú Grantley Adams ló láṣẹ láti pinnu ẹni tí yóò wọlé àti iye ọjọ́ tí yóò lò. Ó lè béèrè tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ibi tí àlejò yóò dé sí, àti owó tí yóò ná. Ẹni tó sọ pé òun wá sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, tí kò sì mọ orúkọ ilé ìtura tí òun fẹ́ sùn sí, ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Wọn kò gba àlejò láyè láti ṣiṣẹ́. Àwọn tí iṣẹ́ wọn wà lórí kọ̀ǹpútà, tí ọ̀gá wọn sì wà lókè òkun, ní ètò tiwọn lọ́tọ̀, Welcome Stamp, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2020. Ọdún kan ni ìwé náà ń lò. Dọ́là Amẹ́ríkà 2,000 ni owó rẹ̀ fún ẹnì kan, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òun yóò rí ó kéré tán 50,000 dọ́là lọ́dún náà.

Ojú ọ̀nà gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń gbéra déédéé láti Èkó lọ sí Bridgetown, olú ìlú Bárbádọ̀s, láì yà níbì kan. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ní láti kọ́kọ́ gòkè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, kí wọ́n tó tún fi bíi wákàtí mẹ́sàn-án sọdá òkun wá sí Kàríbẹ́ánì. Àwọn mìíràn a gba ibòmíràn ní Yúróòpù, tàbí Amẹ́ríkà, tàbí Kánádà. Èyí ó wù kó jẹ́, orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ yà sí ní òfin tirẹ̀ fún ẹni tó kàn ń kọjá lọ, òfin náà kò sì bìkítà nípa ohun tí Bárbádọ̀s gbà tàbí tí kò gbà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn orílẹ̀-èdè kan tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà ìrékọjá bí wọn kò tilẹ̀ ní jáde nínú pápákọ̀ òfurufú. Nàìjíríà wà lára wọn. Àwọn orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ngẹ̀nì ní irú òfin yìí fún orílẹ̀-èdè méjìlá, Nàìjíríà àti Gánà sì wà níbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ló le jù, torí kò sí ààyè ìrékọjá níbẹ̀ rárá: ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Miami fún wákàtí méjì péré yóò tò síwájú aṣọ́bodè bí ẹni tó fẹ́ wọ̀lú, ó sì gbọ́dọ̀ ní físà lọ́wọ́. Òfin yọ àwọn kan sílẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé lè bọ́ lọ́wọ́ físà ìrékọjá pápákọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún yẹ kí èèyàn ro ti àbọ̀. Ọ̀nà tí a gbà lọ la sábà ń gbà bọ̀, físà ìrékọjá tó wà fún ìgbà kan ṣoṣo kò sì lè sin èèyàn lọ kó tún sin ín bọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ló ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn sínú ọ̀ràn yìí. Ìdílé kan lè rí tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Heathrow lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan, kí wọ́n rí ti Gatwick sí Bridgetown lọ́dọ̀ òmíràn, kí owó méjèèjì sì dín sí iye tí wọn ì bá san fún tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Lójú, èrè ni. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí kò mọ ara wọn ni. Ẹrù kò ní dá kọjá. Wọ́n ní láti lọ gbà á ní Heathrow, kí wọ́n gba iwájú aṣọ́bodè jáde, kí wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Gatwick tó wà ní ìhà gúúsù ìlú. Ìyẹn ti ju ìrékọjá inú pápákọ̀ lọ: físà tó ń jẹ́ kí èèyàn tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n nílò. Kì í sì í ṣe Heathrow ni wọn yóò ti gbọ́. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí káńtà ní Ìkẹjà ni yóò tẹ irú páàsípọ́ọ̀tù wọn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò sì dáhùn pé ìwé kan kù. Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, nítorí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó bá gbé ẹni tí kò níwèé yóò san owó ìtanràn. Kí èèyàn kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ lè gbà, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye owó.

Ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ fún àwọn Yorùbá tó ti fìdí kalẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ń lọ tààrà láti Lọ́ńdọ̀nù. Láti Miami, ìrìn náà kò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ. Àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ni kí wọ́n ṣọ́ra. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó béèrè pé kí wọ́n fi kún ọjọ́ ìgbélùú òun, tó sì jáde nílùú kí èsì tó dé, ìjọba á kà á sí pé ó ti yọwọ́ nínú ohun tó béèrè. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń dúró de káàdì ìgbélùú, tó lọ gbafẹ́ láì kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ pé òun lè padà wọlé, lè pàdánù gbogbo ìdúró náà. Àwọn kan lára àwọn tó ní físà iṣẹ́ ni òfin yìí kò bá wí.

Ìwé kan wà tí Bárbádọ̀s fúnra rẹ̀ ń béèrè: ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, tí gbogbo èèyàn ń pè ní káàdì yẹ́lò. Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí ibà náà ti ń jà, ẹ̀fọn tó lè gbé e kiri sì wà ní Bárbádọ̀s, nítorí náà wọn kì í fi ṣeré. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí èèyàn tó dé ẹnubodè. Láti oṣù keje ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó ẹni títí ayé. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2019 ni Nàìjíríà gbé káàdì tí ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò jáde. Wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń sanwó, kí wọ́n tó lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹnubodè. Káàdì tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ láì gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ kò lè gba ojú ẹ̀rọ kọjá, kò sì lè dá ibà dúró.

Láti oṣù kejìlá títí di oṣù karùn-ún ni ẹ̀rùn wọn. Àsìkò yẹn ni òtútù ń lé àwọn òyìnbó wá, owó ilé ìtura sì máa ń ga jù láti àárín oṣù kejìlá títí dé àárín oṣù kẹrin. Oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì líle. Nítorí pé Bárbádọ̀s wà ní ìlà-oòrùn gan-an, ọ̀pọ̀ ìjì ló ń yà sí àríwá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: lẹ́yìn ìjì Janet ti ọdún 1955, ó di ọdún 2021 kí irú ìjì bẹ́ẹ̀, Elsa, tó tún kọlù ú. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá kọlù ú kó tó da ètò rú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2024, Íńdíà na South Africa ní Kensington Oval ní Bridgetown, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì T20. Kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, ìjì Beryl ti ń bọ̀. Wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú pa, àwọn akọni náà sì há sí ilé ìtura fún ọjọ́ mélòó kan. Ìjì náà gba gúúsù erékùṣù kọjá, ó sì fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn apẹja. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní àkókò ìjì nítorí pé owó wálẹ̀ kò ṣàṣìṣe, àmọ́ kó tètè ra ìwé adójútòfò ìrìn-àjò. Bí wọ́n bá ti sọ ìjì kan lórúkọ, ilé iṣẹ́ adójútòfò kì í sábà sanwó lórí ìjì náà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn tó fẹ́ràn àríyá sì ní ìdí tiwọn: ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ ni wọ́n ń kádìí ọdún Crop Over, tó bẹ̀rẹ̀ látinú àjọyọ̀ ìkórè ìrèké.

Láti ọdún 1975 ni dọ́là Bárbádọ̀s méjì ti ń jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan, wọn kò yí i padà. Ìyẹn mú ìṣirò rọrùn, wọ́n sì ń gba dọ́là Amẹ́ríkà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà. Ṣùgbọ́n kò sọ ibẹ̀ di ibi tí owó nǹkan ti wálẹ̀. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú oúnjẹ wọn ti ń wá, àlejò ló sì ń san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tó dẹrùn ni bọ́ọ̀sì: dọ́là wọn mẹ́ta ààbọ̀ ni owó ọkọ̀, ì báà jẹ́ ibùdókọ̀ kejì tàbí ìparí ọ̀nà ni èèyàn ti sọ̀. Bọ́ọ̀sì ìjọba jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ti aládàáni jẹ́ yẹ́lò, àwọn kéékèèké funfun tí wọ́n ń pè ní ZR sì rí bíi dánfó Èkó: orin á máa dún gbẹ̀ẹ́, kọ́ńdọ́kítọ̀ á sì ní ààyè ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ wakọ̀ yóò gba ìwé àṣẹ àlejò, yóò sì wà á ní ọwọ́ òsì, bí wọ́n ti ń ṣe ní Nàìjíríà títí di oṣù kẹrin ọdún 1972. Lẹ́tà H ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n fi ń yáni, nítorí náà gbogbo ìlú ló mọ̀ pé àlejò ló wà nídìí ọkọ̀.

Kí àlejò tó wọ ọkọ̀ òfurufú ni ó yẹ kó ti kún fọ́ọ̀mù ìwọlé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ojúlé tó bá ń béèrè owó kì í ṣe ti ìjọba. Ẹran, èso, ewé àti irúgbìn inú ẹrù gbọ́dọ̀ hàn sí kọ́sítọ́ọ̀mù. Aṣọ aláwọ̀ ti sójà ni ó ń ya àlejò lẹ́nu jù: ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin fún ẹni tí kì í ṣe ológun láti wọ̀ ọ́, ọmọdé pàápàá kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ṣòkòtò. Iná wọn jẹ́ fóltì 115, ihò iná wọn sì jẹ́ ti oníka méjì pẹlẹbẹ bíi ti Amẹ́ríkà, nítorí náà áyọ́ọ̀nù tí wọ́n rà ní Nàìjíríà kò ní gbóná dáadáa.

Gbogbo etíkun ibẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, kódà èyí tó wà níwájú ilé ìtura olówó ńlá. Omi ìhà ìwọ̀-oòrùn rọlẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ ọmọdé àti ẹni tó ń kọ́ ìwẹ̀. Ní ìlà-oòrùn, ní Bathsheba, Àtìláńtíìkì ló ń kọlu àpáta. Àwọn tó ń gun ìgbì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ omi ibẹ̀ lè wọ́ ẹni tó mọ ìwẹ̀ dáadáa lọ. Láti ọdún 2011 ni ewéko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń ya wá sí etíkun ìlà-oòrùn àti gúúsù láwọn oṣù kan, tó bá sì jẹrà, òórùn rẹ̀ kò dára. Igi kan sì wà létí òkun, manchineel, tí èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré aláwọ̀ ewé. Májèlé ni èso rẹ̀, oje rẹ̀ ń bó èèyàn lára, òjò tó bá sì kán láti orí ewé rẹ̀ lè jó awọ ara. Wọ́n máa ń kun ọ̀dà pupa yí ìdí rẹ̀ ká. Àlejò tí kò mọ̀ lè rò pé ibòji ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti oúnjẹ, ọmọ Yorùbá kò ní ṣe àjèjì. Cou-cou ni wọ́n ń fi ẹja tí ń fò jẹ: ìyẹ̀fun àgbàdo ni, wọ́n á rò ó pọ̀ mọ́ ilá, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n sì fi ń rò ó kò yàtọ̀ sí ọmọrogùn. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Oistins ni èrò máa ń wọ́ sí láti jẹ ẹja yíyan. Omi ẹ̀rọ wọn ṣeé mu. Inú ìlú Bridgetown àtijọ́ ti wà lára ogún àgbáyé UNESCO láti ọdún 2011. Ní ẹ̀yìn odi rẹ̀ ni ère ọkùnrin kan wà tó gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n jíjá. Karl Broodhagen ló gbẹ́ ẹ, wọ́n ṣí i ní ọdún 1985, àwọn ará ìlú sì ń pè é ní Bussa, orúkọ ẹni tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní ọdún 1816. Ní Newton, ilẹ̀ ìsìnkú àwọn ẹrú oko ìrèké kan ṣì wà, wọ́n sì gbà pé àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ lé ní 500.

Bí ọjọ́ tí aṣọ́bodè kọ bá fẹ́ pé, tó sì wu àlejò kó dúró sí i, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọlé ní Bridgetown ni yóò lọ bá kí ọjọ́ náà tó pé, pẹ̀lú páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àti ẹ̀rí pé owó ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tán. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá láì gbàṣẹ yóò tún bá ọ̀rọ̀ náà pàdé níbòmíràn, torí fọ́ọ̀mù físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè bóyá èèyàn ti rú òfin ìwọ̀lú rí ní orílẹ̀-èdè èyíkéyìí.