Ẹ Má Fọkàn Tán Òjò Oṣù Kẹjọ!

Ẹ̀yin ọlọ́jà Dùgbẹ̀ àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ṣọ́ọ̀bù yín wà létí odò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa pa èèyàn tó lé ní 200 n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún gbé èèyàn tó lé ní 100 lọ. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ ni méjèèjì, ìgbà tá a máa ń sọ pé òjò ń sinmi!

Ayé ti wá ń gbóná sí i. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa gba omi púpọ̀ sára, kó tó tú u dà lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dọọdún ni NiMet, iléeṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ fún ìjọba àpapọ̀, ń kéde bí òjò yóò ṣe rọ̀. Ẹ fetí sí i lórí rédíò. Ẹ gbé ọjà kúrò nílẹ̀. Ẹ má da pàǹtí sódò mọ́.

Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́ o!