Àwọn Tí Ó Kọ́kọ́ Fò fún Nàìjíríà

Bí a bá bi àwọn ọmọ wa pé ta ni ó kọ́kọ́ gbé orúkọ Nàìjíríà ga nínú eré ìdárayá, agbábọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ wọn yóò dárúkọ. Ṣùgbọ́n kí a tó gba òmìnira ní 1960 ni àwọn eléré sísá àti àwọn tí ń fò ti mú òkìkí wa dé òkè òkun.

Ní 1950, Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa nínú ìdíje àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Auckland. Josiah Majẹ́kódùnmí, ọmọ Yorùbá, gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú fífò sókè. John Winter ará Australia, tí ó ti gba góòlù Òlíńpíìkì ní London ní 1948, ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Ní 1952, àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án ṣojú wa ní Helsinki, ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì. Majẹ́kódùnmí ṣe ipò kẹsàn-án. Karim Olówu, Muslim Arógundádé, Edward Ajàdó àti Titus Erinlẹ̀ wà lára wọn.

Ọdún 1954 ni ó wá dùn jù. Ní Vancouver, Emmanuel Ifeajuna, ọmọ Onitsha, fo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́jọ, èyí tí í ṣe mítà 2.03. Ó gba góòlù, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba góòlù nínú ìdíje náà. Nafiu Osagie gba idẹ nínú eré kan náà. Olówu gba fàdákà nínú fífò jìnnà. Òun, Arógundádé, Ajàdó àti Abdul Karim Àmú tún gba fàdákà nínú eré tí ènìyàn mẹ́rin ti ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ lè sọ pé mítà méjì kò tó nǹkan, nígbà tí Javier Sotomayor ará Cuba ti fo 2.45 ní 1993. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Láyé ìgbà náà, orí yanrìn ni ẹni tí ó fò ń bọ́ sí, kò sí tìmùtìmù fóòmù. Ẹni tí yóò bá bọ́ sórí yanrìn kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀, àfi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́. Ìgbà tí tìmùtìmù dé ni Dick Fosbury ará Amẹ́ríkà tó lè fi ẹ̀yìn fò, tí ó sì fi gba góòlù ní Mexico ní 1968. Ọgbọ́n ẹ̀yìn yìí ni gbogbo ayé ń lò lónìí.

Kí ló dé tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ Ifeajuna mọ́? Ó di ológun, ó wà lára àwọn tí ó ṣáájú ìdìtẹ̀ gbàjọba oṣù kìn-ín-ní 1966. Ní oṣù kẹsàn-án 1967, wọ́n yìnbọn pa á ní Enugu, nínú Biafra. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré, nítorí ọgbẹ́ àwọn ìdílé tí ó pàdánù ènìyàn ní 1966 kò tíì jinná, pàápàá fún àwa tí a ń gbé láàárín onírúurú ẹ̀yà. N kò ní kí a fi góòlù bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a sọ méjèèjì fún ọmọ wa. Bí a bá sì pa orúkọ ẹnìkan rẹ́, ti àwọn tí wọ́n jọ lọ, tí wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, a máa bá a lọ.

Àwọn tí ó rí wọn lójú kò pọ̀ mọ́. Bí àwòrán àtijọ́ bá wà nínú àpótí ilé yín, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí iléèwé àwọn ọmọ wa bá sì ń ṣe eré ìdárayá ọdọọdún, ẹ jẹ́ kí a fi Majẹ́kódùnmí tàbí Olówu sọ orúkọ ife kan. Ọmọ tí ó bá gbà á yóò bèèrè ta ni wọ́n.