Kí Ló Ń Gbọ̀n Nínú Pickup Yìí?

Bí mọ́tò bá ti ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tí kì í mọ ohun tó ń ṣe é. Ọlọ́kadà á ní táyà ni, ríwáyà á ní ẹ́ńjìnnì ni, ẹni tí kò di sítíárìn mú rí náà á ní gíabọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n níye. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe Physics mọ ohun tí wọ́n ń pè ní frequency: iye ìgbà tí nǹkan mì láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí a ṣe ń wá ìdí gbígbọ̀n nínú ògbólógbòó pickup four-wheel, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ fà, irú àwọn Hilux tó ń kó aṣọ jáde ní Gbági.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọ̀kan, òun ló ń bá àwọn ìyá oníṣòwò Gbági kó ẹrù aṣọ lọ sí ọjà oko. Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tó bá ti kọjá 70 kìlómítà ní wákàtí kan. Mẹkáníìkì méjì wò ó, àwọn méjèèjì ní gíabọ́ọ̀sì ti lọ, kí wọ́n lọ ra tòkunbọ̀ ní Araromi, ní Gate. Owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á, owó WAEC èmi àti ọmọ wọn wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí agbára ń gbà. Ẹ́ńjìnnì ń yí gíabọ́ọ̀sì, gíabọ́ọ̀sì ń yí àpótí gíà mìíràn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pè é ní transfer. Láti inú transfer ni ọ̀pá irin gígùn méjì ti jáde, ọ̀kan lọ sẹ́yìn, ọ̀kan lọ síwájú. Púròpẹ́là ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é. Ní ìdí púròpẹ́là ni irin kan wà tó rí bí àgbélébùú, kúrọ́ọ̀sì lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pá náà lè tẹ̀ bó ṣe ń yí, torí ìdí mọ́tò ń lọ sókè sódò lórí sípíríìnì. (Robert Hooke tí a kọ́ òfin sípíríìnì rẹ̀ ní SS1, òun náà ti ṣiṣẹ́ lórí irú kúrọ́ọ̀sì yìí ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí mọ́tò kò tíì sí láyé. Toyota ò ṣe Hilux àkọ́kọ́ títí di 1968, four-wheel rẹ̀ sì dé ní 1979.)

Kúrọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kì í yí ọ̀pá dọ́gba. Tó bá ti tẹ̀, á máa sáré díẹ̀, á tún rọra díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kan. Kúrọ́ọ̀sì kejì ló ń tún un ṣe, bí àwọn méjèèjì bá kọjú síbì kan náà. Ìdí nìyẹn tí púròpẹ́là tí wẹ́dà gé tó sì jó padà ní wíwọ́ kì í fi ara rọ mọ́.

Mo fi okùn wọn ìyípo táyà: mítà 2.3. Tí mọ́tò bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyẹn mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi 2.3 pín in, táyà ń yí bíi ìgbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nínú gíà tó wà láàrin táyà méjì, eyín ńlá jẹ́ 41, kékeré jẹ́ 10, nítorí náà púròpẹ́là á yí nígbà 4.1 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Púròpẹ́là ń yí bíi ìgbà 40 nìyẹn. Ohun tó ń mì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á, sítíárìn á máa jó lọ́wọ́ ẹni. Èyí tó ń mì nígbà 40 ò ṣeé kà, ṣe ló ń kùn bí oyin, ìdí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Tiwa ń kùn ni. Táyà bọ́ nínú ẹ̀sùn.

Ọ̀gá àgbàlagbà kan tó ń ṣe mọ́tò nítòsí Bẹẹrẹ ló dá wọn dúró. "Alhájì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká wà á ná."

Ní gíà kẹrin, ẹ́ńjìnnì àti púròpẹ́là ń yí dọ́gba: 40 ní ìṣẹ́jú àáyá, 2,400 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gá dúró sójú kan, ó tẹ iná dé 2,400, kò gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó di ẹrù, ó gun òkè Mápó láti ìdúró. Tí púròpẹ́là ẹ̀yìn bá tẹ̀ jù, ibẹ̀ ni ì bá ti gbọ̀n jìgìjìgì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ Sunday, lọ́nà Ifẹ̀, a sá a dé 80, ó fà á sí free, ó ṣì ń kùn. Ohun tó ń kùn wà lẹ́yìn clutch, ó sì ń bá táyà yí.

Nígbà náà ló bọ́ sílẹ̀, ó wo àárín táyà iwájú. Hub méjèèjì wà ní LOCK! Dírẹ́bà ti yí wọn bẹ́ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nígbà òjò, kò sì sẹ́ni tó dá wọn padà. Bí hub bá wà ní LOCK, táyà iwájú á máa yí púròpẹ́là iwájú kiri lásán, bí ọ̀pá four-wheel tiẹ̀ wà ní 2H. Ọ̀gá fọwọ́ yí méjèèjì sí FREE. A tún sá a dé 80. Kẹ́kẹ́ pa.

Kò ná wa ní kọ́bọ̀ láti mọ ìyẹn, gíabọ́ọ̀sì sì ti fẹ́ di rírà. Wọ́n fi òkúta dí táyà, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n fọwọ́ mi púròpẹ́là iwájú. (Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má wọ abẹ́ mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ o. Púròpẹ́là tó ń yí lè wé yúnifọ́ọ̀mù mọ́ra.) Kúrọ́ọ̀sì rẹ̀ ti gbẹ, ìpẹtà pupa bí ata gígún ń dà jáde lára rẹ̀. Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú ibi tí ọ̀pá náà ti so kó tó tú u, kó lè dá a padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kúrọ́ọ̀sì méjì àti gírísì la rà. Owó WAEC wa ti wọlé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ní kí dírẹ́bà máa dá hub padà sí FREE tó bá ti kúrò nínú ẹrẹ̀. Four-wheel fúnra rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fà á lórí ọ̀dà gbígbẹ rárá. Tí mọ́tò bá ń yí kọ́nà, ọ̀nà táyà iwájú máa ń gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, transfer irú mọ́tò yìí sì so wọ́n pọ̀ tipátipá. Ẹni tó bá fi yí roundabout Mọ́kọ́lá á rí i bí sítíárìn á ṣe le tí mọ́tò á sì máa fà sẹ́yìn.