Bí Aṣọ Ẹbí Ṣe Lè Di Owó Ìwádìí Jẹjẹrẹ Ìfun

Láti Béèrè, láti Ọjà'ba, láti Mápó àti Bẹyẹrúnká, ọjà Gbági ní Ìbàdàn ni ẹbí máa ń gbà lọ tí ìrántí bá kàn wọ́n. Ó lè jẹ́ ìsìnkú, ó lè jẹ́ fìdáù, ó lè jẹ́ ọdún kan tàbí ọdún mẹ́wàá tí bàbá tàbí ìyá ti lọ. Reluwé wọ Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì sì fìdí kalẹ̀ sí Gbági àtijọ́ lẹ́bàá Dùgbẹ̀. Lónìí, Gbági tuntun wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ibi yòówù kí ọjà náà wà, aṣọ ni a fi mọ̀ ọ́n.

Ẹbí tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá gba ẹnìkan lọ́wọ́ wọn ni àlàyé yìí wà fún. Tí wọ́n bá fẹ́ kí díẹ̀ nínú owó ìrántí náà lọ sí ìwádìí àìsàn tó pa ẹni wọn, ó ṣeé ṣe, aṣọ tí wọ́n fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ sì lè gbé e. Ètò kan ló wà tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé: kí wọ́n mọ iṣẹ́ tí owó náà fẹ́ ṣe kí wọ́n tó yan aṣọ.

Àìsàn wo ni à ń sọ?

Inú ìfun ńlá ni oúnjẹ tó ti dà ti ń di ìgbẹ́, ìfun náà sì parí sí ihò ìdí. Kókó kéékèèké lè hù lára awọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Àwọn díẹ̀ máa ń yí padà, ó sì lè gbà tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó di jẹjẹrẹ. Ọdún gígùn yẹn ni àǹfààní wa. Tí dókítà bá fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ìfun, tó bá kókó níbẹ̀, ó lè gé e kúrò kí ó tó di ohun tó ń pani. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tún wà, tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn wa ni kì í tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, a óò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a óò sì ra àgbo jẹ̀dí. Lóòótọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí máa ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá wá ń padà wá, tí ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà yàgbẹ́ yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ó ń rù, tí àyẹ̀wò sì ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Kò yẹ kí ó tún ra àgbo mìíràn.

Ní 2022, iye àwọn tí àìsàn yìí mú tuntun lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900. Nínú gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ, ti ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló pa ènìyàn jù ú lọ. Akọrin Sonny Okosun, tí orin rẹ̀ gba gbogbo Nàìjíríà kan, jẹjẹrẹ ìfun ló pa á ní Washington ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, 2008, lẹ́ni ọdún 61.

Kí nìdí tí a fi nílò ìwádìí tiwa?

Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Uganda, kọ ọ́ ní ìgbà kan pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà. Ó ní oúnjẹ wa tó kún fún fáíbà ló ń dáàbò bò wá. Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tó lè yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, nítorí pé láti 1960 ni ẹ̀ka tó ń yẹ ẹran ara wò ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ibadan Cancer Registry. Ní 1965, Edington àti Maclean tẹ iye tí wọ́n kà ní Ìbàdàn láàrin 1960 sí 1963 jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ bíi David Irabor ti UCH kọ ọ́ pé jẹjẹrẹ ìfun ti ń pọ̀ sí i láàrin wa. Ká ní kò sẹ́ni tó jókòó ti ìwé yẹn láti ọdún dé ọdún, a kì bá tí mọ̀.

Ifẹ̀ ni ìtàn náà ti tẹ̀ síwájú. Ní 2013, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York dá ẹgbẹ́ olùwádìí kan sílẹ̀, African Research Group for Oncology, tí a ń pè ní ARGO. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Isaac Alátíṣe ní Ifẹ̀ àti Peter Kingham ní New York wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀. Ìwádìí wọn tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Communications ní 2021 fi hàn pé láàrin àwọn aláìsàn Nàìjíríà tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn tí ẹ̀rọ àtúnṣe inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wọn ti bàjẹ́ pọ̀ ju ti àwọn aláìsàn Amẹ́ríkà lọ. Èyí kan ìtọ́jú gan-an. Àwọn oògùn kan wà tó ń jí agbára ara dìde láti bá jẹjẹrẹ jà, irú jẹjẹrẹ yìí sì ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ lé lórí jù. Wọ́n wọ́n gógó, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n yẹ. Aláìsàn New York nìkan kò lè fi ìyẹn hàn wá.

Àwọn tó ti fi aṣọ ṣe é

Bobby Moore, balógun ikọ̀ England tó gba ife àgbáyé ní 1966, kú nípa jẹjẹrẹ ìfun ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, 1993, lẹ́ni ọdún 51. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìyàwó rẹ̀, Stephanie, dá Bobby Moore Fund sílẹ̀ pẹ̀lú àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ tó di Cancer Research UK lónìí. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń rí owó ni pé wọ́n yan ọjọ́ Ẹtì kan tí àwọn ènìyàn á wọ ẹ̀wù bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn lọ síbi iṣẹ́ àti ilé-ìwé, tí wọ́n á sì dá owó.

Ní oṣù Karùn-ún 2022, Deborah James, oníròyìn ará London tí àìsàn náà ti dá dùbúlẹ̀, ṣí àpò owó kan tó pè ní Bowelbabe Fund. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250 pọ́n-ùn ló ń wá. Nígbà tó fi kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, lẹ́ni 40 ọdún, owó náà ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́fà pọ́n-ùn. Lára rẹ̀ ni èrè orí ẹ̀wù kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí láyà.

Àwọn méjèèjì ní ohun kan náà: kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé ni àjọ ìwádìí tí yóò gbà á ti wà níbẹ̀. Aṣọ wíwọ̀ ní ọ̀nà kan náà kì í ṣe ohun àjèjì fún wa. Àjọ tó dúró dè é ni ó yẹ kí a kọ́.

Bí owó ṣe ń jáde lára aṣọ

Ká ní ẹ dúnàádúrà ní Gbági, ẹ sì rí àńkárá ọ̀pá mẹ́fà ní ₦9,000 nítorí pé ẹ rà á lọ́pọ̀. Ẹ wá gbé e fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ ní ₦12,000. ₦3,000 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí 200 ènìyàn bá rà á, ₦600,000 nìyẹn. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àti ti ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, ká ní ₦40,000. ₦560,000 ló kù fún ìwádìí.

Kí ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Kí ìwé ìpè tàbí iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù wí pé nínú ₦12,000 yìí, ₦2,800 ń lọ sí ìwádìí jẹjẹrẹ ìfun ní orúkọ ìyá wa, kí ó sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà á. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò ní kùn pé aṣọ ti wọ́n jù. Ẹni tí kò sì fẹ́ aṣọ lè dá ₦2,800 náà nìkan, tàbí èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Àwọn kan á fẹ́ dá owó ní ọjọ́ ìrántí gan-an. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba kí a máa ná owó mọ́ni lórí ní òde, wọ́n sì ti fi ènìyàn sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Ẹ gbé àpótí tó ní àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì tó tọ́ sí ara rẹ̀. Kí ènìyàn méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà jọ ka ohun tó bá wọ inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kúrò níbẹ̀.

Ibo ni owó náà yóò gbé?

Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó rọrùn ni pé kí ẹ gbé owó fún ilé ìwòsàn ńlá tàbí yunifásítì tó ń ṣe ìwádìí náà. Kí ẹ bèèrè fún ìwé àdéhùn tó sọ iṣẹ́ tí wọn yóò fi owó náà ṣe àti ìgbà tí wọn yóò jábọ̀. Láti 2015 ni ọ̀pọ̀ owó àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń gba inú àpò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní TSA, nítorí náà ọ́fíìsì ìṣirò owó wọn ni kí ẹ ti gba ọ̀nà ìsanwó, kí wọ́n sì fi hàn yín bí wọn yóò ṣe ya tiyín sọ́tọ̀. Ẹ má ṣe san án sí àkáǹtì dókítà kankan, bó ti wù kí ó ṣèèyàn tó.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹbí tó fẹ́ máa ṣe é lọ́dọọdún: kí wọ́n dá àjọ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ni wọ́n ti ń ṣe é lábẹ́ òfin CAMA ti 2020. Wọ́n á yan àwọn alámòójútó, wọ́n á kọ òfin àjọ náà, wọ́n á sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì. Ẹni tí ó bá ní àtakò ní ọjọ́ 28 láti sọ ọ́. Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí CAC, wọ́n tún ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, nítorí báńkì yóò bèèrè ìwé yẹn. Gbogbo èyí ń gba owó àti àkókò. Fún ìrántí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀nà àkọ́kọ́ tó.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wa kẹ́dùn.

Kí ni owó náà ń rà?

Èrè orí aṣọ ẹbí kan kò lè ṣàwárí oògùn, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń tàn yín. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ kan wà nínú ìwádìí tí owó kékeré lè gbé. Aláìsàn tí kò rówó ọkọ̀ kò ní padà wá fún àyẹ̀wò, tí kò bá sì padà wá, olùwádìí kò ní mọ̀ bóyá ìtọ́jú ṣiṣẹ́. Owó ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ owó ìwádìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìpè tí wọ́n fi ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ara tí wọ́n gé, iná tí kò jẹ́ kí fíríìsà gbóná, owó ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀, àti àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún àwọn tó gbà láti kópa. Ẹ béèrè iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná wọn lórí ènìyàn kan. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè sọ fún àwọn tó ra aṣọ iye ènìyàn tí owó wọn gbé.

Kí iṣẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fi ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ní Ìbàdàn, UI/UCH Ethics Committee ló ń ṣe èyí. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìyọ̀ǹda wọn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé owó tí ẹ dá kò fún yín láṣẹ láti wo fáìlì aláìsàn kankan, kò sì lè darí èsì ìwádìí.

Ohun tó kan ẹbí fúnra wọn

Nínú àwọn ẹbí kan, jẹjẹrẹ ìfun máa ń tọ ìran. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé ni pé tí òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá ẹni bá ní i, kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọmọ 40 ọdún, tàbí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n fi rí i lára ẹni yẹn, èyí tó bá yá jù. Tí wọ́n bá rí i lára ìyá yín ní ọmọ ọdún 46, ọdún 36 ni tiyín. Ẹ sọ èyí ní ọjọ́ ìrántí náà, nígbà tí gbogbo ẹbí pé jọ. Ó lè gba ẹnìkan là kí ìwádìí kankan tó jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ ìrántí mọ́ lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn olùwádìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé: kí ni ẹ fẹ́ mọ̀ nípa àìsàn yìí tí owó kò jẹ́ kí ẹ mọ̀? Iṣẹ́ wo nínú rẹ̀ ni ẹbí kan lè gbé? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ Gbági lọ yan aṣọ.