Ìṣùpọ̀ Ìràwọ̀: Bí Ìkùukùu Kan Ṣe Ń Bí Ọ̀pọ̀ Ìràwọ̀

Ìràwọ̀ kì í sábà dá nìkan wáyé. Inú ìkùukùu gáàsì àti eruku tí ó wà ní òfuurufú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti ń jáde pọ̀. Àwọn ìràwọ̀ tí ìkùukùu kan náà bí, tí ìfàmọ́ra sì so pọ̀, ni a ń pè ní ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Ìfàmọ́ra yìí yàtọ̀ sí òòfà, èyí tí í fa irin. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣùpọ̀ yàtọ̀ sí àgbáríjọ ìràwọ̀, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣùpọ̀ lè wà nínú àgbáríjọ kan ṣoṣo.

Òtútù inú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ lè tó ìwọ̀n 260 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí òtútù yìí, gáàsì kò ní agbára tó láti ti ara rẹ̀ síta. Ìfàmọ́ra a borí rẹ̀, ìkùukùu a súnkì, a sì pín sí kókó kókó. Bí kókó kọ̀ọ̀kan ti ń súnkì ni àárín rẹ̀ ń gbóná, títí ìgbóná náà yóò fi tó nǹkan bí mílíọ̀nù 10. Nígbà náà ni háídírójìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di hílíọ̀mù, ìràwọ̀ tuntun yóò sì tàn. Níbi tí ìkùukùu bá ti kì jù, àwọn kókó a fún mọ́ ara wọn. Èrò àwọn onímọ̀ kan ni pé wọn a máa du gáàsì kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àti pé èyí tí ó bá wà láàárín ni ó ń rí púpọ̀ jù gbà.

Àpẹẹrẹ kan ni R136, tí ó wà nínú Ìkùukùu Ńlá ti Magellan. Orúkọ lásán ni ìkùukùu níhìn-ín. Àgbáríjọ ìràwọ̀ ni, ó sì jìnnà sí ayé tó nǹkan bí 160,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ kan rò pé ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni R136, tí ìwúwo rẹ̀ ju ìlọ́po 1,000 ti oòrùn lọ. Ní 1985, Gerd Weigelt àti Gerhard Baier lo ọ̀nà ìyàwòrán tí ó já gaara jù ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ni ó fún mọ́ra níbẹ̀. Ní 2016, àwọn tí ó lo awò awọ̀nàjíjìn Hubble ka mẹ́sàn-án tí ìwúwo wọn ju ìlọ́po 100 ti oòrùn lọ.

Irú ìràwọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi òpin sí ìbímọ ìkùukùu. Ìmọ́lẹ̀ àti ìjì tí ó ń ti ara wọn jáde a gbá gáàsì tí ó kù lọ, kò sì ní sí ohun tí ìràwọ̀ mìíràn yóò fi wáyé. Bí gáàsì náà bá yára lọ jù, ìfàmọ́ra a dín kù, ìṣùpọ̀ fúnra rẹ̀ sì lè tú ká.

Ọ̀rọ̀ R136 fi ìdí tí èdè ìmọ̀ fi gbọ́dọ̀ ya ìràwọ̀, ìṣùpọ̀, àgbáríjọ àti ìkùukùu sọ́tọ̀ hàn: ohun tí ojú rí bí ẹyọ kan lè jẹ́ odidi ìdílé.