Ìdánimọ̀ iṣẹ́ àti ìtọ́jú aláìsàn: ọ̀ràn àwọn olùtọ́jú nípa iṣẹ́ òòjọ́

Àwọn kókó ọ̀rọ̀

• Lágbàáyé, nǹkan bí bílíọ̀nù 2.4 ènìyàn ni ó ní àìlera tí ìtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò lè ràn lọ́wọ́.
• Olùtọ́jú nípa iṣẹ́ òòjọ́ ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún máa ṣe àwọn ohun tí ó para pọ̀ jẹ́ ìgbé ayé rẹ̀: wíwẹ̀, wíwọṣọ, oúnjẹ sísè, ọjà títà, ẹ̀kọ́, eré.
• Bí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣe mọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tó ni yóò pinnu ohun tí yóò bi aláìsàn, ohun tí yóò wọ̀n, àti ìgbà tí yóò sọ pé ìtọ́jú ti parí.

Àkópọ̀

Àwọn tí a ń pè ní occupational therapist ní Nàìjíríà ni wọ́n ń pè ní ergothérapeute ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso. Orúkọ náà máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, nítorí àwọn kan rò pé iṣẹ́ oṣù ni wọ́n ń bá aláìsàn wá. Ohun tí iṣẹ́ túmọ̀ sí níhìn-ín gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sún mọ́ bí Yorùbá ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà: iṣẹ́ oko ni iṣẹ́, iṣẹ́ ilé ni iṣẹ́, ọmọ tí a bá sì ní kí ó lọ ra iyọ̀ wá, a rán an níṣẹ́ ni.

Ìdánimọ̀ iṣẹ́ ni ìdáhùn tí òṣìṣẹ́ ní nínú ara rẹ̀ sí ìbéèrè yìí: kí ni ó wà lọ́wọ́ mi fún aláìsàn yìí tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ilé ẹ̀kọ́ ni ìdáhùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni ó ti ń fìdí múlẹ̀ tàbí kí ó ti ṣá.

Bí ó ṣe ń hàn nínú ìtọ́jú

Kí a wo àpẹẹrẹ kan. Kí a gbà pé obìnrin kan ń gbé ní Patte d'Oie, àdúgbò kan ní ìhà gúúsù Ouagadougou, àrùn rọpárọsẹ̀ sì kọ lù ú, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò fi lágbára mọ́. Kí àìsàn tó dé, òun ni ó ń ro tô fún agbo ilé. Ìyẹ̀fun ọkà bàbà tàbí ti àgbàdo ni a fi ń rò ó, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ méjì bí àmàlà: ọ̀kan lára ọmọrogùn, ọ̀kan lára ìkòkò.

Olùtọ́jú tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dá lójú lè gbé bọ́ọ̀lù rírọ̀ kan lé e lọ́wọ́ kí ó máa fún un nígbà ogún. Bí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí ká, yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn ń gbádùn. Eré ìdárayá yẹn kò burú, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ físíótẹ́rápì ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Obìnrin náà padà sílé, ó jókòó sórí àga láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn ọmọ ní ń wẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn ní ń ro tô. Ìka ń ká, àmọ́ ipò rẹ̀ nínú ilé ti bọ́.

Olùtọ́jú tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lójú yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó máa ń ṣe láti ìdájí títí di ìgbà tí ó bá sùn. Yóò fẹ́ mọ bí ààrò ṣe ga tó, ibi tí omi wà, àti irú àpótí tí ó fi ń jókòó. A lè wá irin tí yóò di ìkòkò mú kí ọwọ́ kan lè rò ó. A lè gbé ìjókòó ga sí i. Ọmọ lè máa rò ó nígbà tí ìyá ń wọn ìyẹ̀fun, tí ó sì ń sọ ìgbà tí ó jinná, kí ó lè ṣì jẹ́ pé òun ni ó se oúnjẹ ilé rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tô kọ́ ni ó ń dùn ún rárá, pé bí kò ṣe lè dá ṣe àlùwàlá ni ó ń pa á lẹ́kún. Kò sí ẹni tí yóò mọ èyí àfi ẹni tí ó bi í.

Ibi tí àìdánilójú ti ń wá

Ní oṣù Kẹta ọdún 1917 ni àwọn olùdásílẹ̀ iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ ní Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé iṣẹ́ tí ó ní ìtumọ̀ fún ènìyàn a máa wò ó sàn. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn yí sí ọ̀nà àwọn dókítà, wọ́n ń wọn iṣan àti oríkèé, títí Mary Reilly fi pè wọ́n padà sídìí iṣẹ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní 1961. Ní Abẹ́òkúta, ètò abúlé tí Dókítà T. A. Lambo dá sílẹ̀ ní Aro ní 1954 ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n sì máa bá ará abúlé ṣiṣẹ́. Oníṣègùn ọpọlọ ni Lambo, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe níbẹ̀ kò jìnnà sí èrò àwọn ará Clifton Springs.

Ìṣòro tòní yàtọ̀ díẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí kò pọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: Nàìjíríà ní ti Oshodi ní Èkó àti ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ Faransé, ENAM ní Lomé, orílẹ̀-èdè Tógò, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn díẹ̀ tí ó wà. Nítorí náà, ẹni tí ó jáde lè dé ilé ìwòsàn kan kí ó jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí àgbà tí yóò wò ṣe. Dókítà ń kọ̀wé pé kí ó ra ọwọ́ aláìsàn. Ẹbí ń retí ìwọ́ra. Bọ́ọ̀lù rírọ̀ ni ó sì wà nínú yàrá. Ọdún díẹ̀ ti tó láti gbàgbé ìdí tí a fi kọ́ iṣẹ́.

Òfin lè ràn án lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, òfin tí a ṣe ní 1988 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìmúpadàbọ̀sípò sílẹ̀, ti físíótẹ́rápì àti ti iṣẹ́ òòjọ́ pa pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Ìdánimọ̀ tí ó le jù náà ní ewu tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣọ́ ààlà iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀ lè kọ̀ láti kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ẹbí ní ohun tí wọ́n lè máa ṣe nílé, bẹ́ẹ̀ ni ilé sì ni aláìsàn yóò ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé

Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò Rehabilitation 2030, láti pe àwọn ìjọba sí fífi ìmúpadàbọ̀sípò kún ètò ìlera gbogbo. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àpérò Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu kan lórí ọ̀ràn náà, èyí tí ó rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti kọ́ òṣìṣẹ́ sí i, kí wọ́n sì mú ìtọ́jú náà dé ilé ìwòsàn àdúgbò.